Ẹ̀rí Tí A Fi Owó Rà

Bí ẹnì kan bá fẹ́ gba owó àjọ ṣáájú àsìkò rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ìyá ọlọ́jà ní Agége, ohun tí wọn yóò kọ́kọ́ bi í ni pé, "Ta ni onídùúró rẹ?" Wọn kì í bi í pé ènìyàn mélòó ló mọ̀ ọ́n. Ẹni tí yóò san owó náà bí ó bá sá lọ ni wọ́n ń wá. Màmá mi ti san irú owó bẹ́ẹ̀ rí. Ó dùn ún gan-an, ṣùgbọ́n kò bá ẹnikẹ́ni jà, nítorí ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ pé òun mọ obìnrin náà.

Ọ̀rọ̀ onídùúró yìí ni mo fẹ́ fi wo iṣẹ́ kan tí àwọn ọ̀dọ́ ń ṣe lákòókò yìí ní Ìkẹjà àti Agége, tí ọ̀pọ̀ òbí kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà. Àwọn tó ń ṣe é ń pè é ní "link building". Èmi yóò pè é ní wíwá líǹkì. Ìbéèrè mi ni pé: bí ọjà ẹnì kan bá dára, ṣé ó burú kí ó fi owó ra ẹ̀rí tí yóò mú kí àwọn ènìyàn rí i?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí nǹkan náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Ní 1998, akẹ́kọ̀ọ́ méjì ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, Larry Page àti Sergey Brin, gbé ọ̀nà kan jáde láti fi to àwọn ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣáájú ìgbà náà, ohun tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ awárí máa ń wò jù ni iye ìgbà tí ọ̀rọ̀ tí a ń wá fara hàn nínú ojú ewé. Bí o bá ń wá "bàtà", ojú ewé tó kọ "bàtà" ní ìgbà ọgọ́rùn-ún lè bọ́ sí iwájú, kódà bí ìsọkúsọ ló kún inú rẹ̀. Page àti Brin rò ó pé ohun tí ojú ewé kan ń sọ nípa ara rẹ̀ kò tó ohun tí àwọn ẹlòmíràn ń sọ nípa rẹ̀. Wọ́n fi ọgbọ́n àwọn ọ̀mọ̀wé ṣe é: ìwé tí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé bá tọ́ka sí nínú iṣẹ́ tiwọn ni a máa ń kà sí ìwé pàtàkì. Nítorí náà, bí ojú ewé kan bá fi líǹkì sí òmíràn, wọ́n kà á sí ìbò. Ìbò ẹni tí àwọn ẹlòmíràn bu ọlá fún sì wúwo ju ìbò ẹni tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n lọ. Orí èrò yìí ni wọ́n kọ́ Google lé ní ọdún náà gan-an. Lónìí, nǹkan tí Google ń wò ti pọ̀ ju líǹkì lọ, ṣùgbọ́n líǹkì ṣì wà lára wọn.

Ohun tí àwọn bàbá wa mọ̀ tipẹ́ ni wọ́n fi ṣe ẹ̀rọ yìí. Kò sí ẹni tí í fi ẹnu ara rẹ̀ pe ara rẹ̀ ní ọmọlúàbí kí ayé sì gbà á gbọ́. Ará àdúgbò ló ń pe ènìyàn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi tí ìbò bá ti níye lórí, ẹni tí yóò fi owó rà á kì í pẹ́ dé. Mi ò rò pé ó yẹ kí n ṣàlàyé ìyẹn fún ọmọ Nàìjíríà.

Bọ̀dá mi ń ṣe iṣẹ́ yìí nínú yàrá kan ní Agége, fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù ní Computer Village ní Ìkẹjà. Ilé tí àwọn ènìyàn ń gbé ló wà ní Òpópónà Òtìgbà àti agbègbè rẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí títà kọ̀ǹpútà àti fóònù tó gbà á pátápátá. Ṣọ́ọ̀bù tó ń ta ohun kan náà lè tó mẹ́wàá lórí ìlà kan ṣoṣo. Bí o bá fi ẹsẹ̀ rìn wọ ibẹ̀, àwọn ọmọkùnrin á máa fà ọ́ lápá: "Àǹtí, kí lẹ fẹ́ rà? Ẹ wá wò ó!" Kò sí ẹni tó lè fa oníbàárà lápá lórí fóònù, àfi kí orúkọ ṣọ́ọ̀bù rẹ bọ́ sí òkè. Bọ̀dá mi a máa kọ lẹ́tà sí àwọn tó ni ojú ewé, a bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi líǹkì sí ojú ewé oníbàárà òun. Àwọn kan á gbà lọ́fẹ̀ẹ́ nítorí pé ohun tó fi hàn wọ́n wúlò. Àwọn mìíràn á dárúkọ iye.

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kàn mí ni ti Àǹtí kan tó ń ránṣọ ní àdúgbò wa. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù Karùn-ún 2023, líta epo bẹtiróòlù kan fò láti nǹkan bíi 185 náírà sí 488 náírà ní Èkó. Jẹnẹrétọ̀ kékeré ni Àǹtí ń lò fún iná ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó pinnu láti ra inverter àti bátìrì, ó sì fi ọ̀pọ̀ oṣù kó owó rẹ̀ jọ. Nítorí pé kò mọ ẹni tó ń tà á, fóònù rẹ̀ ló bi léèrè, ó sì mú orúkọ tó wà lókè pátápátá. Kí oṣù kẹta tó pé, bátìrì náà kò lè gbé gílóòbù méjì fún wákàtí kan. Nígbà tó padà lọ, wọ́n ní òun ló lò ó nílòkulò. Mi ò ní dárúkọ ṣọ́ọ̀bù náà. Bọ̀dá mi, tí kò bá wọn ṣiṣẹ́ rí, ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀ láti wo ohun tó gbé wọn dé òkè. Ó rí ojú ewé bíi ogójì tó fi líǹkì sí wọn: ọ̀kan ń sọ̀rọ̀ nípa bọ́ọ̀lù, ọ̀kan nípa irun obìnrin, ọ̀kan nípa orin tuntun. Ó ní, "Rírà ni wọ́n ra gbogbo èyí."

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó parọ́ fún Àǹtí. Ojú ewé bọ́ọ̀lù kò sọ pé bátìrì náà dára. Ohun tó kọ kò ju pé ẹni tó bá fẹ́ iná láti fi wo bọ́ọ̀lù lè lọ síbẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù náà kò sọ pé òun ló dára jù ní Ìkẹjà. Google ka ìbò lásán ni. Òfin ààbò oníbàárà Nàìjíríà ka ọ̀rọ̀ tó ń ṣi oníbàárà lọ́nà léèwọ̀, ṣùgbọ́n èwo nínú ogójì yìí ni Àǹtí yóò mú lọ sí iwájú òfin? Irọ́ wà níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó pa á.

Èrò tèmi ni pé líǹkì ń sọ̀rọ̀ láìlanu. Bí àgbàlagbà kan tí ẹ bọ̀wọ̀ fún bá mú àlejò wọ ilé yín, kò ní láti sọ pé ènìyàn rere ni kí ẹ tó gbé omi fún un. Mímú tó mú un wá ti sọ ọ́. Bí a bá wá gbọ́ lẹ́yìn náà pé ó gba owó kó tó mú un wá, tí kò sì mọ̀ ọ́n rárá, kò sí ẹni tí yóò gbà fún un bí ó bá ní, "Mi ò sọ nǹkankan."

Bọ̀dá mi kò gbà pẹ̀lú mi. Ó ní ṣebí wọ́n ń sanwó fún ìpolówó lórí rédíò, ṣebí onílù ń gba owó lóde àríyá kó tó ki ènìyàn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n gbogbo ojú ló ń rí owó tí wọ́n lẹ̀ mọ́ onílù níwájú orí. Kò sí ẹni tó máa torí oríkì tí onílù kì yá ènìyàn lówó ní ọjọ́ kejì. Google pàápàá ń ta àyè òkè fún ẹni tó bá lówó, wọ́n sì ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìpolówó ni. Ní 2005, wọ́n ṣe àmì kan tí wọ́n pè ní "nofollow", tí ènìyàn lè fi sára líǹkì kí wọ́n má bàa kà á mọ́ ìbò. Ní 2019, wọ́n tún ṣe òmíràn, "sponsored", fún líǹkì tí a sanwó fún. Nítorí náà, ènìyàn lè ra líǹkì láìtan ẹnikẹ́ni jẹ. Nígbà tí mo sọ èyí fún Bọ̀dá mi, ńṣe ló rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ta ni yóò sanwó fún ìbò tí wọn kò ní kà?" Ìdáhùn yẹn ló la ojú mi. Bó bá jẹ́ ìpolówó ni wọ́n ń rà, àmì yẹn kò ní dí wọn lọ́wọ́. Pé kí ẹnikẹ́ni má mọ̀ pé a sanwó gan-an ni ọjà tí wọ́n ń tà.

Ó tún ní, ṣé Google ni ọba wa ni? Ta ló ní kí àwọn ará California máa ṣòfin fún Òtìgbà? Níbí, mo gbà fún un díẹ̀. Ní oṣù Kejì 2011, ìwé ìròyìn New York Times tú àṣírí pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún líǹkì láti àwọn ojú ewé tí kò kan aṣọ tàbí àga ló gbé ilé ìtajà ńlá kan ní Amẹ́ríkà, J.C. Penney, dé òkè fún ọ̀pọ̀ oṣù, títí kan àsìkò ọdún Kérésìmesì. Ilé ìtajà náà ní òun kò mọ̀ sí i, ó lé àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà fún un, Google sì fà á lulẹ̀. Ní oṣù Kẹrin 2012, Google tún yí ẹ̀rọ rẹ̀ padà, wọ́n pe àyípadà náà ní Penguin, ọ̀pọ̀ àwọn tó ra líǹkì sì pòórá kúrò lójú. Ṣùgbọ́n Google kì í ṣe adájọ́ tí kò ní èrè nínú ọ̀rọ̀. Bí ẹ kò bá lè ra líǹkì, ẹ ó ra ìpolówó lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, mi ò gbé ọ̀rọ̀ mi lé òfin Google. Bí wọ́n bá wọ́gi lé òfin náà lọ́la, bátìrì Àǹtí kò ní jí.

Ohun tí mo gbé e lé ni pé ohun tí wọ́n ń tà kì í ṣe tiwọn. Kí ló dé tí Àǹtí fi gbà pé orúkọ òkè ló dára? Nítorí pé ní ọjọ́ púpọ̀, ó máa ń rí bẹ́ẹ̀. Ó sì máa ń rí bẹ́ẹ̀ nítorí àìmọye ènìyàn, láti olùkọ́ dé ẹni tó ń kọ́ni bí a ṣe ń sebẹ̀, tó fi líǹkì sí ohun tó wúlò láìgba kọ́bọ̀. Àwọn ló kó ìgbàgbọ́ yẹn jọ. Olójú ewé bọ́ọ̀lù wá bù nínú rẹ̀, ó tà á, ó sì fi owó sápò.

Èyí tó le jù nínú àríyànjiyàn Bọ̀dá mi ni ti kóńgò. Ẹ̀yin tó ń ra gààrí mọ̀ pé àwọn kan máa ń gbá ìdí kóńgò wọlé kí ó má bàa gba púpọ̀. Bí gbogbo ọjà bá ń lo kóńgò àgbáwọlé, ẹni tó bá mú kóńgò pípé wá ni yóò dà bí ọ̀wọ́nlọ́jà. Ó ní oníbàárà òun kan wà ní àjà kẹta ilé kan, tó ń ta bátìrì gidi, tó máa ń pààrọ̀ èyí tó bá bàjẹ́ láìjà, ṣùgbọ́n tí orúkọ rẹ̀ wà ní ojú ewé karùn-ún níbi tí ẹnikẹ́ni kì í dé. Bí ọkùnrin yìí bá ra líǹkì ogójì, Àǹtí ì bá rí i, kì bá sì sunkún. Ẹ̀rí tí a rà níbẹ̀ ì bá jẹ́ òótọ́. Ṣé ó ṣì burú?

Mo ro èyí fún ọjọ́ púpọ̀. Mo rí i pé àwọn òǹjẹ̀rí ogójì yẹn kò ní mọ̀ pé òótọ́ ni. Ojú ewé irun obìnrin kò rí bátìrì náà rí. Bí ẹni burúkú bá sanwó kan náà, ọ̀rọ̀ kan náà ni yóò sọ. Bí bátìrì bá kú, kò ní pàdánù nǹkankan. Onídùúró ń fi owó ara rẹ̀ lélẹ̀, ìdí nìyẹn tí ó fi máa ń kọ́kọ́ bèèrè irú ènìyàn tí ẹni náà jẹ́. Ẹni tó ń ta líǹkì kò bèèrè, nítorí kò sí ohun tí yóò ná an. Ẹ̀rí rẹ̀ kò ní ìwúlò kankan fún Àǹtí, kódà lọ́jọ́ tó bá ṣe kòńgẹ́ òótọ́.

Mi ò sọ pé kí ènìyàn jókòó kó máa retí ìyìn. Kò sí ìtìjú nínú bíbéèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́. Ilé iṣẹ́ tí ọkùnrin yẹn ti ń ra bátìrì lè kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn tó ń ta ọjà wọn. Bọ̀dá mi tún mú kí ó kọ ohun kan tó wúlò: bí a ṣe ń mọ bátìrì tó yẹ ilé. Fáànù tó ń jẹ wáàtì 60 àti gílóòbù mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ 10 jẹ́ 100. Fún wákàtí mẹ́fà, ó di 600. Bátìrì volt 12 tí wọ́n kọ 100Ah sí lára gba 1,200, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ onílẹ́ẹ̀dì, kò yẹ kí a lò ju ìdajì rẹ̀ lọ kí a tó tún un gbaná. Nítorí náà, ó ṣe déédéé. Olùkọ́ físíìsì kan rí i, ó fi líǹkì sí i fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, àwọn oníṣẹ́ iná mélòó kan ṣe bẹ́ẹ̀.

Oṣù méje ló gbà kí orúkọ ọkùnrin náà tó kúrò ní ojú ewé karùn-ún bọ́ sí ìkejì. Ẹni tó ra líǹkì ogójì lè dé òkè láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Bọ̀dá mi bi mí pé ta ni yóò san owó ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin náà ní oṣù méje yẹn, ta ni yóò sì san owó ilé ìwé àwọn ọmọ rẹ̀. Mo ṣì ń wá ìdáhùn tí mo lè fún un láìwo ilẹ̀.