Ìgbín Ni Ọmọdé Ń Fọ́

Àwọn Àṣáńtì máa ń sọ pé ìgbín ni ọmọdé ń fọ́, ọmọdé kì í fọ́ ìjàpá. Abɔfra bɔ nwa, na ɔmmɔ akyekyedeɛ: bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pa á ní Kumasi. Àgbà tó bá pa òwe yìí fún ọmọ ń kì í nílọ̀ pé kó mọ ìwọ̀n ara rẹ̀. Ní tèmi, tíṣà ni mo rò pé ó yẹ kí a máa pa á fún. Ta ló gbé ìjàpá lé ọmọ ọdún méje lọ́wọ́, tó ní kó fọ́ ọ? Ìwé kíkà ni mo ń sọ, àní ọ̀sẹ̀ kan péré nínú ìwé kíkà, láti àárọ̀ ọjọ́ Ajé títí di ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, ní kíláàsì àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá lẹ́tà mọ̀.

Ìjọba Gánà ti yí ọ̀rọ̀ padà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lórí èdè tí wọ́n máa fi kọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ní 2002, wọ́n ní kí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ èdè ìkọ́ni láti kíláàsì kìíní. Kò tó ọdún mẹ́wàá sígbà náà tí ètò NALAP fi dé, tó ní kí ọmọ kọ́kọ́ mọ̀wé kà ní èdè Gánà, kí Gẹ̀ẹ́sì máa wọlé díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi gba ipò ní kíláàsì kẹrin. Wọ́n tẹ ìwé jáde ní èdè 11, Twi àwọn Àṣáńtì sì wà nínú wọn. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n dán àwọn ọmọ kíláàsì kejì wò káàkiri orílẹ̀-èdè náà ní 2013, ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ni kò lè kàwé kó yé wọn, ì báà jẹ́ ní èdè Gánà, ì báà jẹ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Àṣẹ ìjọba ṣe pàtàkì, mi ò bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tíṣà ni ọ̀sẹ̀ wà.

Nǹkan tó ń jẹ ọ̀sẹ̀ náà mọ́ wa lọ́wọ́ ni ariwo. Tíṣà á kọ gbólóhùn márùn-ún sójú pátákó, á fi igi tọ́ka sí i, gbogbo kíláàsì á máa wí i tẹ̀lé e. Ó máa ń dùn létí. Òbí tó bá ń kọjá lójú fèrèsé á ní ọmọ òun ti mọ̀wé. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ojú olúkúlùkù ló ń kàwé fún un. Ẹ bo àwòrán mọ́lẹ̀, ẹ fi ìka lé ọ̀rọ̀ kan láàárín gbólóhùn kẹta, kí ẹ pe ọmọ kan ṣoṣo pé kó kà á. Ẹ ó rí i pé etí ló ti ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀, ojú kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, èdè tí ọmọ ń gbọ́ nílé ló sì yẹ kí ìwé kíkà ti bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, lọ́jọ́ Ajé, kí ìwé wà ní pípadé. Kí tíṣà sọ ìtàn. Àwọn Àṣáńtì kò wá ìtàn tì: Kwaku Ananse aláǹtakùn wà níbẹ̀, pẹ̀lú Aso ìyàwó rẹ̀ àti Ntikuma ọmọ rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú ìtàn ìkòkò ọgbọ́n. Ananse kó gbogbo ọgbọ́n ayé sínú ìkòkò, ó so ó mọ́ ikùn, ó fẹ́ gbé e gun igi lọ fi pamọ́. Ìkòkò ń dí i lọ́wọ́, kò lè gùn ún. Ntikuma dúró nísàlẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ ò ṣe gbé e sẹ́yìn?" Inú bí bàbá pé ọgbọ́n ṣì kù lóde, ìkòkò já bọ́, ọgbọ́n sì fọ́n ká fún gbogbo ènìyàn. Bí wọ́n bá ń sọ irú ìtàn yìí, àwọn tó ń gbọ́ a máa dá apàlọ́ dúró láàárín, wọ́n á dá orin tí wọ́n ń pè ní mmoguo, bí àwa náà ṣe máa ń gbe orin nínú àlọ́ tiwa. Kí tíṣà gbà wọ́n láàyè kí wọ́n dá a. Ọmọ tó kọrin láàárín ìtàn ti mọ ibi tí ìtàn dé, kò sí ìbéèrè tí ẹ lè bi í tó máa fi ìyẹn hàn yín jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìdí mìíràn wà tí etí fi gbọ́dọ̀ ṣáájú. Twi ní ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ bíi Yorùbá, àmọ́ wọn kì í fi àmì sí i nínú ìwé. Bí ọmọ bá rí papa lójú ewé, ó lè jẹ́ bàbá, ó lè jẹ́ ohun tó dára, ó sì lè jẹ́ abẹ̀bẹ̀. Ìtàn tó ti gbọ́ ló máa sọ èwo ni fún un.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, àwọn ọmọ á tún ìtàn náà sọ, tíṣà á kọ gbólóhùn tó ti ẹnu wọn jáde sórí páálí, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an. Ìyẹn ni ìwé kíkà ọ̀sẹ̀ náà.

Ọjọ́rú ni iṣẹ́ lẹ́tà, inú mi sì máa ń dùn sí ọjọ́ yìí, nítorí ọjọ́ tí wọ́n bí Ananse nìyẹn. Ọmọkùnrin tí wọ́n bá bí lọ́jọ́ náà ni Kwaku, obìnrin ni Akua, kò sì sí kíláàsì kan ní Kumasi tí wọn ò ti ní rí ọ̀kan nínú wọn. Ẹ pe Kwaku síta kó wá fi ọwọ́ kan orúkọ ara rẹ̀ lórí páálí. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ wá mú nyansa, tí í ṣe ọgbọ́n, kí wọ́n gbọ́ ny inú rẹ̀. Kí ẹ mú akyi, tí í ṣe ẹ̀yìn tí Ntikuma ní kí bàbá rẹ̀ gbé ìkòkò sí, kí wọ́n gbọ́ ky. Lẹ́tà méjì, ìró kan, bíi gb tiwa. Ẹ gé àwọn gbólóhùn sí ọ̀rọ̀ ọ̀rọ̀, ẹ dà wọ́n rú, kí ọmọ tún wọn tò. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná: tíṣà tó ń ṣí ojú ewé tuntun lójoojúmọ́ kí ó lè parí ìwé kí sáà tó parí, ìwé ló ń parí, ọmọ kò tíì bẹ̀rẹ̀. Bí ọmọ bá sì jẹ́ àádọ́ta nínú kíláàsì, kí ó pín wọn sí ọjọ́ mẹ́ta tó kù, kí ó gbọ́ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, nígbà tí àwọn yòókù bá ń kà á fún ara wọn ní méjì méjì. Títí di ọjọ́ Ẹtì, kò sí ẹni tí kò ní gbọ́.

Gẹ̀ẹ́sì lè wọlé lọ́jọ́bọ̀, pẹ̀lú ìtàn kan náà, ní gbólóhùn mélòó kan, ní ẹnu kó tó di ti ìwé. Mo mọ̀ pé ibí yìí ni àwọn òbí kan ti máa ń bínú, nítorí owó Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń san. Ìdáhùn wọn wà nílé wa níbí. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan ní ilé ẹ̀kọ́ St Stephen's ní Modákẹ́kẹ́: Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan láyè ara rẹ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ta àwọn ẹgbẹ́ wọn yọ nínú àwọn ẹ̀kọ́ yòókù.

Kò túmọ̀ sí pé kí a fi ìwé tó le pamọ́ fún ọmọ. Ìjàpá tí ọmọ kò lè dá fọ́, tíṣà lè bá a fọ́ ọ. Meshack Asare, tó kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà ní Kumasi, kọ The Brassman's Secret, ìtàn ọmọ ẹni tó ń rọ idẹ tí àwọn Àṣáńtì fi ń wọn wúrà láyé àtijọ́. Ó gba ẹ̀bùn Noma ní 1982 nítorí rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ ga ju àwọn ọmọ kékeré lọ, ṣùgbọ́n bí tíṣà bá ń kà á sókè, tó ń túmọ̀ rẹ̀, tó ń fi àwòrán hàn wọ́n, wọ́n á mọ̀ pé ìlú àwọn náà wà nínú ìwé.

Ilé ta wá ni ilé tí à ń kó ẹ̀ṣọ́ jáde nínú rẹ̀? Ní Zongo, àdúgbò àwọn àlejò ní Kumasi, Hausa ni ọmọ kan ń gbọ́ nílé, Dagbani ni ti èkejì, Yorùbá ni ti ẹ̀kẹta. Reluwé dé Kumasi ní 1903, àwọn oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, Ọ̀fà àti Èjìgbò sì wá dá ilé sílẹ̀ níbẹ̀. Ní November 1969, ìjọba Busia fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n fi ilẹ̀ Gánà sílẹ̀. Àwọn ọmọ tí Twi yọ̀ mọ́ lẹ́nu bá ara wọn ní kíláàsì ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n ní kí wọ́n máa kàwé Yorùbá. Àwọn ìdílé kan dúró, àwọn mìíràn padà wá lẹ́yìn náà. Hausa àti Yorùbá kò sí nínú èdè 11 tí wọ́n tẹ ìwé sí.

Tíṣà tó bá bi àwọn ọmọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun pé, "Ta ló gbọ́ ìtàn yìí lọ́nà mìíràn nílé?" á rí ọmọ Yorùbá kan tó máa nawọ́ sókè pé Ìjàpá ni bàbá àgbà òun sọ pé ó kó ọgbọ́n sínú akèrègbè, kì í ṣe Ananse. Kó jẹ́ kó sọ ọ́. Lọ́jọ́ Ẹtì, tí olúkúlùkù bá ń kọ ìtàn tirẹ̀ tó sì ń yàwòrán sí i, kí àwòrán Ìjàpá wà láàárín ti Ananse, kí tíṣà rán gbogbo rẹ̀ pọ̀ bí ìwé kan, kó fi í sí igun ibi tí ọwọ́ wọn lè tó o. Àwọn òbí wa tó wà ní Kumasi náà ní iṣẹ́ tiwọn, kí wọ́n má dúró de ìjọba. Ìwé Aláwìíyé tí J. F. Ọdúnjọ kọ ṣì wà lọ́jà. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ṣófo ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí wọn, àyè ìjókòó wà níbẹ̀, àwọn ìyá àgbà tó mọ̀wé Yorùbá kà ṣì wà láàyè.