Ta ni Iwin nínú Igbó Irúnmalẹ̀?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ gbogbo, ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ kí a fi ṣe àtùpà lónìí, kí a fi wo ìwé kan tí ó ti wà lọ́wọ́ wa láti ọjọ́ pípẹ́.

D. O. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó, tí òun tìkára rẹ̀ jẹ́ olùkọ́ bí tiwa, ni ó kọ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, ilé ìtẹ̀wé C.M.S. ní Èkó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1938. Ìtàn Àkàrà-ogun ni, ọdẹ tí ó wọ igbó tí iwin àti ẹ̀dá abàmì kún inú rẹ̀, tí ó bá Àgbákò jà, tí ó sì padà wá sílé láàyè. Lẹ́yìn èyí, ọba ìlú rẹ̀ rán òun àti àwọn akọni ọdẹ mìíràn lọ sí Òkè Lángbòdó, kí wọ́n lè gba ohun tí yóò mú àlàáfíà bá ìlú.

Ní Ajégúnlẹ̀ ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìwé yìí. Ẹni tí ó bá mọ àdúgbò wa mọ̀ pé èdè tí a ń sọ níbẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan: Yorùbá ń bẹ, Ìgbò ń bẹ, Ìjọ̀, Ùròbò àti Ìlàjẹ sì ń bẹ. Èbúté Àpápá kò jìnnà sí wa. Ọ̀pọ̀ òbí wa ni ó sì tìtorí rẹ̀ wá, nítorí wọ́n rò pé ibi tí ọkọ̀ bá ń gúnlẹ̀ sí ni ajé yóò gúnlẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n bí òjò bá rọ̀, omi a máa wọ inú yàrá. Àwọn ará ìta a sì máa fi orúkọ ìnagijẹ Gẹ̀ẹ́sì pè wá, èyí tí ó túmọ̀ sí ìlú igbó. Nítorí náà, kò ṣòro fún àwọn ọmọ wa láti gbàgbọ́ pé ènìyàn lè wà láàárín ewu kí ó sì yè.

Ní ọjọ́ kan, a ka ibi tí Kàkó, ọ̀kan nínú àwọn akọni náà, ti fẹ́ bá ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Lángbòdó. Obìnrin tí ó fẹ́ràn rẹ̀ dì mọ́ ọn, kò fẹ́ kí ó lọ. Kàkó pa á, ó sì bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Àwọn ọmọkùnrin pàtẹ́wọ́, wọ́n ní akọni ni. Èmi náà fi kún un, mo ní, “Ẹ wò bí ó ti fi iṣẹ́ ìlú ṣáájú ìfẹ́ ara rẹ̀.” Ìgbà náà ni ọmọbìnrin kan dìde lẹ́yìn, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, tíṣà, nínú gbogbo iwin tí a ti kà nípa wọn, èwo ni ó pa ẹni tí ó fẹ́ràn rẹ̀?” Mo wá èsì tì. Agogo lù, mo sì dúpẹ́ pé ó lù.

Kí a má baà ṣe ojúsàájú, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbèjà Kàkó. Iṣẹ́ ọba ni wọ́n rán an, ire gbogbo ìlú ni ó sì ń wá. Bí olúkúlùkù ọdẹ bá dúró nítorí omijé ará ilé rẹ̀, ta ni yóò lọ? Òtítọ́ ni èyí. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí ènìyàn lọ, ọ̀tọ̀ ni kí ó fi òkú ẹlòmíràn ṣe àtẹ̀gùn. Ní oṣù keje ọdún 2014, nígbà tí àrùn Ebola wọ Èkó, dókítà Ameyo Stella Adadevoh kọ̀ láti jẹ́ kí aláìsàn tí ó gbé e wọ̀lú jáde ní ilé ìwòsàn, bí wọ́n tilẹ̀ ń fi agbára mú un pé kí ó jọ̀wọ́ rẹ̀. Àrùn náà ran òun fúnra rẹ̀, ó sì kú ní oṣù kẹjọ. Ní ogúnjọ́ oṣù kẹwàá ọdún náà, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Ebola ti kúrò ní Nàìjíríà. Obìnrin yìí gba ìlú là bí akọni, ṣùgbọ́n ẹ̀mí ara rẹ̀ ni ó fi san án. Ẹ̀mí ẹlòmíràn ni Kàkó fi san tirẹ̀.

Ẹ tún kíyè sí ọ̀rọ̀ náà, irúnmalẹ̀. Nígbà tí Wọlé Ṣóyínká tú ìwé náà sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1968, kò lo ọ̀rọ̀ tí a fi ń pe ẹ̀mí èṣù gan-an, nítorí ó mọ̀ pé irúnmalẹ̀ kì í ṣe ẹ̀mí búburú nìkan. Inú igbó kan náà ni Àkàrà-ogun ti pàdé Ìrànlọ́wọ́, ẹni tí ó ṣe é lóore. Nítorí náà, àjèjì kì í ṣe ẹni ibi nítorí pé ó jẹ́ àjèjì, bẹ́ẹ̀ ni ènìyàn kì í ṣe ẹni rere nítorí pé ó bí sí ilé ọmọ ènìyàn. Ìwà ni ó ń pààlà. Àní nígbà tí àwọn ọdẹ náà dé ibi tí wọ́n ń lọ, ọjọ́ méje ni wọ́n fi jókòó gba ẹ̀kọ́ lẹ́nu Ìrágbèje. Apá wọn ti gbé wọn la igbó kọjá. Síbẹ̀ ó kù kí a kọ́ wọn bí a ti ń gbé ilé ayé.

Ẹ̀yin ará, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọdẹ nìkan. Bàbá tí ó ń bá òṣì jà nítorí àwọn ọmọ rẹ̀, tí àwọn ọmọ náà sì ń sá pamọ́ bí wọ́n bá gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ni ó ṣẹ́gun? Èmi pẹ̀lú ti gbé pàṣán, mo ní àìmọ̀kan ni mo ń bá jà. Ṣùgbọ́n ara ọmọ ni ó ń balẹ̀. Bí ènìyàn bá bá iwin jà títí tí ó fi di iwin, iwin ni ó ṣẹ́gun, ìbáà tilẹ̀ jẹ́ pé ènìyàn náà ni ó padà wálé.

Ní ọjọ́ kejì, mo pe ọmọbìnrin náà níwájú kíláàsì. Mo ní, “Ọmọ mi, mo ti padà wá iwin tí o béèrè, n kò rí i. Èmi ni mo ṣi Kàkó yìn lánàá.” Ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ó sì padà sí àyè rẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin kò pàtẹ́wọ́ mọ́; wọ́n ṣí ìwé wọn, a sì tún ojú ewé náà kà láti ìbẹ̀rẹ̀.