Ǹjẹ́ Ó Tọ́ Kí Eré Yí Ìtàn Ìlú Padà?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní òótọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ó yẹ kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fi ìtàn ìlú ṣe eré rántí òwe yìí, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an kì í sábà dùn tó ohun tí a fi ọgbọ́n inú hun. Ìbéèrè tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò ni pé: ǹjẹ́ ó tọ́ kí òǹkọ̀wé tàbí òṣèré mú ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn tó gbé ayé rí, kí ó sì yí i padà bó ṣe wù ú?

Ní ìlú Ọ̀yọ́ tí mo ń gbé, àpẹẹrẹ kò jìnnà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1944, Aláàfin Ṣíyanbọ́lá Ládìgbòlù Kìíní wàjà lẹ́yìn ọdún 33 lórí ìtẹ́. Gẹ́gẹ́ bí àṣà, Ọlọ́kùn Ẹṣin, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Jìnádù, ni ó yẹ kí ó bá ọba lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1945, nígbà tí ó múra láti ṣe ohun tí àṣà wí, ìjọba òyìnbó ní kí wọ́n mú un. Múránà, ọmọ rẹ̀, ni ó kú dípò bàbá.

Ọ̀rọ̀ yìí ni Dúró Ládípọ̀ fi ṣe eré Ọba Wàjà ní ọdún 1964. Òun náà ni Wọlé Ṣóyínká fi kọ Death and the King's Horseman, tó jáde ní ọdún 1975. Ní ọdún 2022, Bíyí Bándélé sọ ọ́ di fíìmù Ẹlẹ́ṣin Ọba ní èdè Yorùbá, Netflix sì gbé e káàkiri ayé. Nínú eré Ṣóyínká, Ọlúńdé ni orúkọ ọmọ náà, ìlú òyìnbó ni ó sì ti ń kọ́ iṣẹ́ dókítà kó tó padà wálé.

Ẹlòmíràn lè bínú pé irọ́ ni èyí. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Kí ìwé tó dé ilẹ̀ wa ni àwọn arọ́kin ti ń sọ ìtàn àwọn Aláàfin. Ẹni tó ń ki ọba a máa yan èyí tó máa wú ọba lórí, a sì máa fo èyí tó máa bí i nínú. Ó ti pẹ́ tí iṣẹ́ ọnà ti ń ṣa ìtàn bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà. Àwọn tó ń gbọ́ arọ́kin jẹ́ ọmọ ilé. Bí ó bá ṣì í sọ, àgbà kan wà nítòsí tó lè wí pé, "Kò rí bẹ́ẹ̀." Ẹni tó ń wo fíìmù ní Brazil tàbí ní Jámánì kò ní àgbà Ọ̀yọ́ kankan tí yóò bi léèrè. Ohun tó bá rí ni yóò gbà. Nítorí náà, bí òǹwòran bá ṣe jìnnà sí ìlú tó ni ọ̀rọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni ojúṣe ẹni tó ṣe eré náà ṣe wúwo tó.

Ojúṣe wo nìyẹn? Ní èrò tèmi, ẹni tó bá yí ìṣe ènìyàn padà, kí ó yí orúkọ rẹ̀ padà pẹ̀lú. Ẹni tó bá sì lo orúkọ ènìyàn gidi, kí ó má fi kún ìṣe rẹ̀, kí ó má sì yọ níbẹ̀. Òkú kò lè gbèjà ara rẹ̀. Orúkọ ni ó ṣẹ́kù fún un láyé, àwọn ọmọ rẹ̀ ló sì ń jẹ́ ẹ. Ọlúńdé ni Ṣóyínká sọ di akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn, kì í ṣe Múránà. Ó sì sọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé rẹ̀ pé òun yí àwọn nǹkan kan padà.

Ẹ jẹ́ kí n fi Ògbómọ̀ṣọ́, ìlú ìyá mi, ṣe àpẹẹrẹ kejì. Ní ọdún 1968 àti 1969, nígbà tí ogun abẹ́lé ń lọ lọ́wọ́, àwọn àgbẹ̀ ìwọ̀ oòrùn kọ̀ láti san owó orí tó wọ̀ wọ́n lọ́rùn. Wọ́n ní òkè mẹ́fà, ìyẹn ọgbọ̀n ṣílè, ni àwọn lè san. Ìjà Àgbẹ́kọ̀yà nìyẹn. Ní oṣù Keje ọdún 1969, ìjà náà dé ààfin Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n sì pa Ṣọ̀ún, Ọba Ọlájídé Ọláyọ́dé. Lẹ́yìn-ọ-rẹyìn, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ dá sí ọ̀rọ̀ náà, ìjọba sì dín owó orí kù sí pọ́n-ùn méjì.

Nígbà tí mo bi bàbá ìyá mi léèrè nípa ọdún yẹn, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ náà kò tíì tutù." Ó yé mi. Nínú agbo ilé kan náà, èèyàn lè rí ẹni tí owó orí fi ebi pa àti ẹni tó sunkún ọba. Fẹ́mi Òṣófisan fi ìjà àwọn àgbẹ̀ yìí kọ eré Morountodun, ṣùgbọ́n Títúbí, ọmọbìnrin olówó tó lọ ṣe amí láàárín àwọn àgbẹ̀ tó sì di ara wọn, ni ó fi ṣe ẹni pàtàkì inú rẹ̀. Ọgbọ́n ni. Ìyà àwọn àgbẹ̀ hàn kedere níbẹ̀, láìsọ Títúbí di ọmọ ilé ẹnikẹ́ni nínú wa.

Síbẹ̀, bí òǹkọ̀wé bá bo orúkọ mọ́lẹ̀, ta ni yóò tọ́jú rẹ̀? Àwa ni. Àwọn tó mọ Ọlúńdé pọ̀ káàkiri ayé. Mélòó nínú wa ní Ọ̀yọ́ níhìn-ín ló lè dárúkọ Múránà? Ẹ̀bi Ṣóyínká kọ́ nìyẹn, nítorí kò gba ìtàn náà lọ́wọ́ wa. Bí eré bá di ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tó kù, àwa tó dákẹ́ ni a sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin olùkọ́ wa, mo bẹ̀ yín, ẹ sọ fún wa nígbà tí ẹ ṣì wà láyé. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi, fóònù tí a fi ń wo fíìmù lè gba ohùn àgbà sílẹ̀. Bí àgbà bá ní ọ̀rọ̀ kan kò tíì tó sọ síta, kí a kọ ọ́ sílẹ̀, kí a sì pa á mọ́ di ọjọ́ tó bá tutù. Nígbà náà, kí òṣèré ṣe eré tirẹ̀ bó ti mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ gan-an yóò rí ilé tí yóò yà sí.