Ìpàkọ́ Onípàkọ́ Là Ń Rí

Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í báni rí tẹni. Bí òǹkọ̀wé ti wù kó gbọ́n tó, àṣìṣe tirẹ̀ kì í tètè hàn sí i, nítorí ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ló ń kà, kì í ṣe ohun tó kọ. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ olóòtú ti bẹ̀rẹ̀.

Àpẹẹrẹ kan nìyí: lọ́dún 1897 ni Àlùfáà Samuel Johnson parí ìwé ìtàn Yorùbá tó kọ, The History of the Yorubas. Wọ́n fi í ránṣẹ́ sí òǹtẹ̀wé kan ní Ìlú Ọba, ó sì sọnù síbẹ̀. Johnson kú lọ́dún 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló kó àwọn àkọsílẹ̀ tó fi sílẹ̀ jọ, tó tún ìwé náà kọ. Ní oṣù kìíní 1916, apá kan rẹ̀ bá ọkọ̀ òkun Appam lọ. Àwọn Jámánì gba ọkọ̀ náà lójú omi, wọ́n gbé e lọ sí Amẹ́ríkà. Ó di 1918 kí ìwé náà tó dé ọwọ́ àwọn atẹ̀wé. Obadiah kú lọ́dún 1920, ìwé sì jáde lọ́dún 1921.

Orúkọ Samuel ló wà níwájú ìwé. Olóòtú ni Obadiah pe ara rẹ̀.

Ọ̀dọ́ ìlú Ìwéré-Ilé tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ olóòtú kò ní láti dúró dìgbà tó bá dé Ìbàdàn. Ìwé ètò ìsìnkú, ìwé ìkéde ìjọ, àlímánáàkì ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀: kó bẹ àwọn tó ni ín kí wọ́n jẹ́ kí òun bá wọn kà á kó tó dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé. Kó béèrè orúkọ àti oyè lọ́wọ́ ẹbí, kó má fi àbá ṣe é. Kó kọ́ ìlànà àkọtọ́ Yorùbá ti ọdún 1974 àti àmì ohùn dáadáa. Bí àgbà bá sì fi ẹ̀ka-èdè Oǹkò sọ ìtàn, kó tún gbólóhùn tó rújú ṣe, ṣùgbọ́n kó má pa ohùn baba náà rẹ́.

Kó máa pa ẹ̀dà gbogbo iṣẹ́ mọ́, kó sì jẹ́ kí owó iṣẹ́ wà lákọsílẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀. Bó bá gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ọ̀rọ̀, ojú ìwé kan bó ṣe rí tẹ́lẹ̀, àti bó ṣe rí lẹ́yìn àtúnṣe, ni kó mú dání lọ sílé ìtẹ̀wé n'Íbàdàn nígbà tó bá ń wáṣẹ́.