Àgbàrá Òjò: Ta Ni Yóò Jíhìn?

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó fi omi ṣe ìpìlẹ̀ gbogbo ohun abẹ̀mí. Kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí lọ́kùnrin lóbìnrin, bí òjò bá ṣú nílùú wa Igbó-Ọrà, ẹ ó rí àwọn tí ń sáré gbé ìdọ̀tí wá da sójú àgbàrá. Àgbàrá á gbé e, ó di ọ̀dọ̀ àwọn ará ìsàlẹ̀ odò. Bí a bá bi wọ́n, wọn a ní: "Òjò Ọlọ́hun ló gbé e lọ." Ṣé ọ̀rọ̀ yìí tọ̀nà?

Kò tọ̀nà. Ọlọ́hun ló ni òjò, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ó da ìdọ̀tí kì í ṣe ọwọ́ òjò. Súratu Rúm, áàyà 41, fi yé wa pé iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ni ó fa ìbàjẹ́ tí ó hàn lórí ilẹ̀ àti nínú omi. Ànábì pẹ̀lú kọ̀ fún wa láti tọ̀ sínú omi tí kò ṣàn, ó sì ka yíyàgbẹ́ sí ibi tí a ti ń pọnmi mọ́ ohun tí ń fa ègún. Ẹni tí ó ń fi kádàrá bo iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀, ẹ̀bi rẹ̀ ló fẹ́ dì ru Ẹlẹ́dàá.

Ẹlòmíràn lè ní òun kò gbèrò ibi sí ẹnikẹ́ni. Àwa ará Ìbàràpá mọ ìdáhùn èyí dáadáa, nítorí sòbìà ti fi ojú wa rí màbo rí, pàápàá ní Ìdèrè. Ẹni tí sòbìà ń yọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ wọ inú ọ̀gọ̀dọ̀ láti pọnmi; kò gbèrò ibi. Síbẹ̀ ọmọ kòkòrò náà bọ́ sómi, ẹlòmíràn mu ún, ó sì di nǹkan bí ọdún kan kí sòbìà tó yọ lára onítọ̀hún. Nígbà tí a kò mọ̀, àìmọ̀ jẹ́ àwáwí. Láti ọjọ́ tí a ti mọ̀, àwáwí tán.

Ìwádìí ọdún 1988 sí 1989 fi hàn pé àwọn tí sòbìà ń yọ lára ní Nàìjíríà lé ní 650,000. Kí ni ó ṣẹ́gun rẹ̀? Àwọn ará abúlé ni wọ́n ń ka aláìsàn, tí wọ́n ń kọ́ni láti fi aṣọ sẹ́ omi, tí wọn kò jẹ́ kí ẹlẹ́sẹ̀ sòbìà wọ odò. Oṣù kọkànlá ọdún 2008 ni a rí ẹni ìkẹyìn. Ní 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí pé Nàìjíríà ti bọ́.

Ṣé irú ìṣọ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe títọpinpin tí Súratul-Hujuraat, áàyà 12, kọ̀ fún wa? Rárá. Ohun tí ènìyàn bò mọ́ inú ilé rẹ̀ ni a kò gbọdọ̀ tú wò. Èyí tí ó dà sójú títì ti di ọ̀ràn gbogbo ìlú. Omi ni kí a máa ṣọ́, kì í ṣe ènìyàn.

Nítorí náà, kí ẹ̀ka ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yan ọ̀dọ́ méjì ládùúgbò. Lẹ́yìn òjò, kí wọ́n wo ibi tí àgbàrá ti ń wọ odò: ṣé ọ̀rá ni ó gbé wá, ṣé omi ẹ̀gẹ́, ṣé ike oògùn apakoríko? Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Kí wọ́n bá baálé ilé sọ ọ́ ní ìkọ̀kọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Bí kò bá gbọ́, kí àwọn àgbà àdúgbò gbọ́. Fáríḍà kífáyà ni iṣẹ́ yìí: bí àwọn kan bá ṣe é, ó bọ́ lọ́rùn àwọn yòókù; bí ẹnikẹ́ni kò bá ṣe é, gbogbo wa ni yóò jíhìn.

Àgbàrá òjò kò ní òun kò níí wólé. Onílé ni kò níí gbà fún un. Kí Ọlọ́hun fi wá ṣe onílé tí kò gbà. Àmín.