Ìka Tó Fara Pa àti Ìbéèrè Ta Ló Fà Á

Nígbà tí àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn àti ti ìjìnlẹ̀ èrò bá ń wádìí ìdí tí aburú fi ń ṣẹlẹ̀ sí ènìyàn, ikú òjijì, àìrọ́mọbí àti àìsàn tó gbó ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ, bẹ́ẹ̀ ìpalára kékeré ni ìbéèrè náà ti máa ń hàn kedere jù. Ní Bessé, tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àgbègbè 8 tó para pọ̀ di ìjọba ìbílẹ̀ Ṣábẹ̀ẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí iṣẹ́ oko ti pọ̀ tí òkúta sì pọ̀ nílẹ̀, kò sí ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́ tí òòlù, ọmọ odó tàbí ilẹ̀kùn kò lè bá ní ìka. Bí ó bá ti ṣẹlẹ̀, ohun méjì ló máa ń wá sí ẹnu àwọn ará ilé: kí ni ká fi sí i, àti pé kí ló dé tó fi jẹ́ lágbájá, tó sì fi jẹ́ òní?

Èyí àkọ́kọ́ kò ṣòro. Bí ohun líle bá gbá ìka, awọ lè má bó, ṣùgbọ́n àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-tín tó wà lábẹ́ rẹ̀ á bẹ́, ẹ̀jẹ̀ á sì tú sínú ẹran ara, ibẹ̀ á wú, á sì dúdú ju àyíká rẹ̀ lọ. Bí ó bá jẹ́ abẹ́ èékánná ni ẹ̀jẹ̀ náà tú sí, kò ní ríbi gbà. Yóò máa ti èékánná láti ìsàlẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí ìka fi máa ń sọ kì-kì-kì bí ọkàn ṣe ń lù, pàápàá lóru, tí olúwarẹ̀ kò fi ní í fojú kan oorun. Ohun tó yẹ ni kí a yára bọ́ òrùka kí ìka tó wú, kí a fi aṣọ wé omi dídì, tàbí kí a rẹ aṣọ sínú omi tútù, kí a gbé e lé ojú ibẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 15, kí a sì gbé ọwọ́ náà ga ju àyà lọ. Omi gbígbóná àti ìfọwọ́rá tí ọ̀pọ̀ àgbà máa ń sáré sí lè mú kí ẹ̀jẹ̀ túbọ̀ tú ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́. Òrí tí wọ́n fi ń ra á kò ní ẹ̀bi nínú èyí. Agbára tí wọ́n fi ń tẹ ìka tí wọ́n bá ń fi òrí ra á ni ẹ̀bi wà fún.

Ìbéèrè kejì ló gba àròjinlẹ̀. Nínú ìwé tí Evans-Pritchard, onímọ̀ nípa àṣà ẹ̀dá, tẹ̀ jáde ní 1937 lórí ẹ̀yà Azande ní Áfíríkà, ó sọ ti ọmọdékùnrin kan tó fẹsẹ̀ kọ kùkùté lójú ọ̀nà, tí ojú egbò náà sì kẹ̀. Ọmọ náà kò jiyàn pé kùkùté ló ṣá òun. Ohun tó ń sọ ni pé òun máa ń ṣọ́ra fún kùkùté lójoojúmọ́, pé egbò bẹ́ẹ̀ a sì máa tètè jiná, nítorí náà àjẹ́ ló wà nídìí ti ọ̀tẹ̀ yìí. Àwọn Yorùbá mọ irú èrò yìí dáadáa, nítorí wọ́n ní bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Ṣùgbọ́n èrò Yorùbá kò dúró síbẹ̀, nítorí ó tún ní àfọwọ́fà, ìyẹn aburú tí ènìyàn fi ìwà tàbí àìbìkítà ara rẹ̀ fà, tí kò ṣeé dì ru àyànmọ́ tàbí ọ̀tá. Wándé Abímbọ́lá, nínú ìwé rẹ̀ lórí Ifá tó jáde ní 1976, fi hàn pé bí orí ṣe jẹ́ ìpín tí ènìyàn yàn wáyé, bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ̀, tó dúró fún akitiyan, ní ipa tirẹ̀, tí orí kò sì lè dá nǹkan ṣe láìsí i. Alágbẹ̀dẹ tó ń bọ Ògún, òrìṣà tó ni irin, kì í tìtorí ẹbọ gbàgbé láti kọ́ ọmọ iṣẹ́ bí a ṣe ń di ẹ̀mú mú.

Àwọn ẹ̀sìn tó dé lẹ́yìn náà kò fi gbogbo ìpalára ṣe ẹ̀rí ẹ̀ṣẹ̀. Nínú Ìhìnrere Lúùkù, orí 13, nígbà tí Jésù mẹ́nu ba àwọn ènìyàn 18 tí ilé ìṣọ́ Sílóámù wó pa, ó ní wọn kò ṣẹ̀ ju àwọn ará Jerúsálẹ́mù yòókù lọ. Nínú hádíìsì tí Bukhari àti Muslim gbà wá, ìka Ànábì Muhammad fara pa, ó ṣẹ̀jẹ̀, ohun tó sì bá ìka náà sọ fi hàn pé ó kà á sí ohun kékeré lójú ọ̀nà Ọlọ́run. Kò bèèrè ẹni tó fà á.

Kì í ṣe pé ìbéèrè ta ló fà á jẹ́ ti òmùgọ̀, nítorí ẹni tí nǹkan bá dùn ní ẹ̀tọ́ láti wá ìtumọ̀ sí i. Àléébù rẹ̀ ni pé ó máa ń gba ipò ìtọ́jú. Ìka tó wú tí kò rọlẹ̀ lè jẹ́ pé egungun rẹ̀ ló ṣẹ́, egbò tí kò jiná sì lè jẹ́ àmì àtọ̀gbẹ. Àwọn nǹkan méjèèjì yìí kò sì ní dúró de ìgbà tí a bá rí ẹni tí a ó di ẹ̀bi rù. Nítorí náà, kí ẹni tí ìka rẹ̀ bá wọ́, tó kú tipiri, tí kò ṣeé ká, tàbí tí awọ rẹ̀ bá ya, tètè lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, kí ó béèrè abẹ́rẹ́ ìdènà ipá bí ojú egbò bá wà, kí ó sì jẹ́ kí òṣìṣẹ́ ìlera tú ẹ̀jẹ̀ tó wà lábẹ́ èékánná sílẹ̀, kì í ṣe kí ó fi abẹ́rẹ́ ìránṣọ tú u nínú ilé.