Owó Olówó àti Àṣẹ Ààrẹ

Iṣẹ́ alájọ ni mò ń ṣe ní ọjà Bódìjà. Àyè 31 ló wà lórí káàdì oníbàárà kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá ti dájọ, mo máa ń fi bírò máàkì í. Owó ọjọ́ kan lóṣù ni tèmi, olówó ló ni ìyókù. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ Fernando Collor fi ń ká mi lára.

Lóṣù kẹta ọdún 1990, ọjọ́ kejì tí wọ́n búra fún un gẹ́gẹ́ bí ààrẹ Bràsíl, ó pàṣẹ, ó sì gbẹ́sẹ̀ lé owó tó bá ju 50,000 cruzado novo lọ nínú àkáǹtì ẹnikẹ́ni, fún oṣù 18. Òfin ìpìlẹ̀ 1988 fún un láyè: àṣẹ ààrẹ á kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ná, ilé aṣòfin á wá sọ tiwọn láàárín 30 ọjọ́. Wọ́n kúkú fọwọ́ sí i lóṣù kẹrin. Kí ni wọn ì bá ṣe? Owó ti há.

Mo mọ ohun tó ń lé e o. Ọ̀wọ́ngógó ti ju ìdá 80 nínú 100 lọ lóṣù kan ṣoṣo. Ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó kì í pèpàdé. Ṣùgbọ́n ṣé torí pé èrò ọkàn mi dára ni ohun ẹlòmíràn fi máa di tèmi? Mi ò gbà. Ọlọ́run ló ń wo ọkàn. Ẹni tí wọ́n gbowó rẹ̀, ọwọ́ ló rí.

Lọ́dún 2001, wọ́n tún òfin ìpìlẹ̀ náà ṣe: 30 ọjọ́ di 60 ọjọ́, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n lè sún un síwájú, ààrẹ kò sì gbọdọ̀ fi irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ gbẹ́sẹ̀ lé owó tí aráàlú fi pamọ́ mọ́.